Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe ṣètò ọdẹ mi nínú eré Dungeons & Dragons?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí eré orí tábìlì yìí, níbi tí olúkúlùkù ti ń ṣe ẹ̀dá inú ìtàn kan. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré tuntun pẹ̀lú òfin ọdún 2014, ọdẹ tí ó mọ ewé, tí ó sì ń fi ọfà jà, ni mo sì fẹ́ ṣe. Ranger, irú ẹ̀dá tó jẹ́ jagunjagun inú igbó, ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò ní idán kankan títí yóò fi dé ìpele kejì, bẹ́ẹ̀ ọdẹ tí kò mọ ọfọ̀ kan ṣoṣo kò jọ ọdẹ lójú mi rárá, nítorí ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi. Druid, irú ẹ̀dá tó ń fi agbára igbó pidán, ní idán láti ìpele kìíní, àmọ́ òfin kò fún un ní ìmọ̀ ọfà títa.

Bí mo bá dúró ti Ranger, nínú máàkì 27 tí a ní láti pín sórí àwọn ànímọ́ ẹ̀dá wa, 9 yóò lọ sórí Dexterity (ìyára ara) kí ó lè di 15, nítorí òun ni ọfà gbára lé. Ṣé kí n wá fi 7 gbé Wisdom (ọgbọ́n), tí idán rẹ̀ rọ̀ mọ́, dé 14, àbí Constitution (okun ara) ni kí n kọ́kọ́ bójú tó, kí ọdẹ mi má baà tètè kú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ti dán wò fún mi.