Báwo lẹ ṣe ń fi Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) sórí server tí ò ní mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ra server tòkunbọ̀ kan ní Computer Village n'Íkẹjà, disk inú ẹ̀ ṣófo. Láptọ́ọ̀pù nìkan ni mo ní, mi ò dẹ̀ lówó mọ́nítọ̀ báyìí. Mo ki fláàṣì Ubuntu 24.04 bọ̀ ọ́, mo so kébù mọ́ ráútà, mo tàn án, fáànù ń pariwo, iná ń ṣẹ́jú, mo jókòó tì í fún wákàtí méjì gbáko, kò sí nǹkan kan.

Èsì 1:
Ubuntu ló ń bi ẹ́ ní ìbéèrè tó ò rí, ó ń dúró kó o yan èdè. Kọ ìdáhùn ẹ̀ sílẹ̀ fún un ṣáájú. Wá fláàṣì kejì, sọ ọ́ ní CIDATA, fi fáìlì méjì síbẹ̀, user-data àti meta-data (èyí ò ní nǹkan kan nínú). #cloud-config ni ìlà àkọ́kọ́ user-data, space ni kó o lò, má fọwọ́ kan tab rárá, tab ti dà mí láàmú rí. Fi orúkọ ẹ síbẹ̀, password tó o ti fi àṣẹ openssl passwd -6 yí padà kó má baà hàn gbangba, install-server: true lábẹ́ ssh (ọ̀nà tí wàá fi wọ server látorí láptọ́ọ̀pù), àti shutdown: poweroff (kó pa ara ẹ̀ tó bá parí). Tí fáànù bá ti dákẹ́, ó parí nìyẹn, yọ fláàṣì méjèèjì kó o tó tún un tàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Oníbèéèrè:
Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti ṣe é, àmọ́ fáànù ò dákẹ́ láti àárọ̀.

Èsì 2:
Ó kù díẹ̀ ni. Tí ọ̀rọ̀ náà autoinstall ò bá sí nínú grub.cfg (fáìlì tó ń darí bí fláàṣì Ubuntu ṣe ń bẹ̀rẹ̀), ó ṣì máa dúró bèèrè yes tàbí no kó tó fọwọ́ kan disk, kó má baà pa dátà ẹni ẹlẹ́ni rẹ́, ìyẹn dẹ̀ dáa. Tó bá jẹ́ UEFI (ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀) ni server ẹ, kó gbogbo inú ISO (fáìlì Ubuntu tó o wà jáde) sí fláàṣì tó o fọ́máàtì sí FAT32, ṣí boot/grub/grub.cfg, wá ìlà tó ní /casper/vmlinuz, kọ autoinstall sí i kó tó kan ---.

Èsì 3:
Èmi o, disk ni mo máa ń yọ, màá lọ fi Ubuntu sí i lára kọ̀ǹpútà míì. Ṣùgbọ́n orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń yàtọ̀, enp2s0 níbí, eno1 lọ́hùn-ún, tó ò bá tún netplan (ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ubuntu) ṣe kó o tó dá a padà, o ò ní rí i lórí ráútà láéláé.

Oníbèéèrè:
Ó ti ṣe é o! autoinstall yẹn ni. Fáànù dákẹ́ rọ́rọ́, mo yọ fláàṣì, mo tún un tàn, mo rí IP ẹ̀ (nọ́ńbà àdírẹ́sì ẹ̀) lójú ráútà, ssh dẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bá yín ṣe tiyín.