Mo ti yọ plugin wọ̀nyí kúrò, àmọ́ wọ́n ṣì ń yọjú nínú Reaper

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa ìgbohùnsílẹ̀. Kétu ni mo wà, orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti ti ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sábà máa ń gbà sílẹ̀. Reaper, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò lórí Windows 10, èdè Faransé ló sì wà lórí kọ̀ǹpútà mi, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé ibi tí màá tẹ̀ dáadáa.

Mo gbé plugin mélòó kan, ìyẹn àwọn ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú Reaper láti tún ohùn ṣe, wọlé láti dán wò. Nígbà tí àsìkò ọ̀fẹ́ parí, mo yọ wọ́n ní "Panneau de configuration" (Control Panel). Orúkọ wọn ṣì wà nínú àkójọ FX, bí mo bá sì fi ọ̀kan sórí ohùn, àpótí kékeré kan á yọ síta, á ní kí n wá sanwó. Òkú wo ló ń béèrè gbèsè báyìí?

Mo rí fódà ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n nínú C:\Program Files\Common Files\VST3, fáìlì .vst3 wà nínú rẹ̀. N kò tíì fọwọ́ kàn án. Ṣé kí n pa á rẹ́, kí n wá lọ sí Preferences, ní VST, kí n nu cache (àkọsílẹ̀ plugin tí Reaper fi pamọ́) kí Reaper tún wá plugin lẹ́ẹ̀kan sí i? Àbí fáìlì reaper-vstplugins64.ini ni kí n pa?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni orin àtijọ́ kan tí mo ti lo reverb wọn (plugin tó ń mú kí ohùn dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà) sí ohùn ìyá àgbà tó ń lé orin. Tí reverb yẹn bá lọ, ohùn náà á gbẹ. Ṣé mo lè freeze ìlà (track) ohùn náà, ìyẹn kí Reaper sọ ohùn àti reverb rẹ̀ di fáìlì ohùn kan, kí n tó pa fáìlì plugin rẹ́, nígbà tí àsìkò ọ̀fẹ́ ti tán?