Ìtẹ̀ tàbí ìyípadà? Lórí orúkọ tí a ó pe baud

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe baud rate ní Yorùbá, ìyẹn iye àmì tí ẹ̀rọ kan ń gbé lé orí wáyà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀kan ní ká pè é ní "ìyára dátà". Èkejì ní "iye ìyípadà àmì". Ti àkọ́kọ́ kò bá mi lára mu rárá. Ti èkejì dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ kò tíì wọlé.

Ká kọ́kọ́ gbé "ìyára" kúrò ńlẹ̀. Ohun tó ń rìn ló ń yára: ọkọ̀ tó gba Lọ́kọ́ja wọ Àbújá, ó lè yára, ó lè falẹ̀. Iná tó ń gba inú wáyà kò mọ̀ bóyá 9600 la ṣètò ẹ̀rọ sí tàbí 115200. Bákan náà ló ń sáré nínú méjèèjì, ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyára ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ wáyà tí à ń lò. Ohun tó yàtọ̀ ni iye ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń firánṣẹ́ gbé àmì lé orí wáyà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye la ń kà. Ẹ tún wo "dátà" fúnra rẹ̀: ní Wuse tàbí Nyanya, ẹni tó bá ní òun fẹ́ dátà, ohun tó fẹ́ rà sórí fóònù ló ń sọ, "ìyára dátà" létí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sì di bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń já geere sí. Ìyẹn jọ bit rate díẹ̀, iye bíìtì (0 tàbí 1) tó ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò kan baud.

Ohun tó ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra lọ́kàn èèyàn ni pé lórí wáyà tó rọrùn, iye kan náà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n ti pínyà ló yẹ kí orúkọ wọn ti wá, mi ò sì mọ ibi tí Yorùbá ti fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere tó ojú ọpọ́n Ifá. Babaláwo tó ń fi ikin dáfá, bí méjì bá ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, á tẹ ẹyọ kan. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, á tẹ méjì. Ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì, ìtẹ̀ mẹ́jọ ló sì gbọ́dọ̀ pé kí odù tó dúró. Ẹni tó mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò ní ìdúró yẹn. Èso mẹ́jọ ló wà lára ẹ̀wọ̀n. Ó jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kálukú ṣíjú sókè tàbí ó dojú délẹ̀, odù kan nínú 256 ti jáde. Ká ní àwọn méjèèjì jọ ń ṣe tiwọn lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan: baud wọn dọ́gba, 1 ni. Ṣùgbọ́n oníkin gbé bíìtì kan wá, ọlọ́pẹ̀lẹ̀ gbé mẹ́jọ. Baud ni iye ìgbà tí ọwọ́ kan ilẹ̀. Bíìtì ni ẹrù tí ọwọ́ gbé.

Ìṣirò ibẹ̀ kò le. Bí àmì kan bá lè jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi méjì, bíìtì kan ló gbé. Oríṣi mẹ́rin, méjì. Oríṣi 16, mẹ́rin. Oríṣi 256, mẹ́jọ. Ẹ fi ìyẹn sọ baud di púpọ̀, ẹ ti rí iye bíìtì.

Módẹ̀mù orí tẹlifóònù, ẹ̀rọ tó ń sọ bíìtì di ohùn kó lè gba wáyà tẹlifóònù kọjá, ló ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ lẹ́nu aráyé. Bell 103 ti ọdún 1962 ń gbé 300 bíìtì ní 300 baud: ohùn méjì péré, ẹni tó pè ń fi 1070 Hz sọ 0, ó ń fi 1270 Hz sọ 1. Bóo bá pè é ní baud, bóo bá pè é ní bíìtì, kò sẹ́ni tó máa jà ọ́ níyàn. Ìgbà tó yá ni ìlànà módẹ̀mù tí wọ́n ń pè ní V.22 dé, 1200 bíìtì ní 600 baud. V.22bis tẹ̀ lé e, 2400 bíìtì, baud rẹ̀ ṣì jẹ́ 600. Àmì orí wáyà kò pọ̀ sí i. Oríṣi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ló kúrò ní mẹ́rin tó di 16. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní "módẹ̀mù 2400 baud" ti fi ìlọ́po mẹ́rin bu iyọ̀ sí i. Wáyà tẹlifóònù kì í gbà ju nǹkan bí 300 sí 3400 Hz kọjá, ìdí nìyẹn tí V.34 kò fi lè kọjá 3429 baud, bó tilẹ̀ ń gbé 33600 bíìtì.

Ó sì lè dorí kodò. Ethernet àtijọ́ tó ń fi wáyà so kọ̀ǹpútà pọ̀, 10BASE-T, máa ń pín bíìtì kan sí ìdajì méjì, 20 mílíọ̀nù baud ló sì ń ná láti gbé 10 mílíọ̀nù bíìtì. Gigabit tó wà lára ògiri ọ́fíìsì lónìí ń lo wáyà méjì-méjì lọ́nà mẹ́rin, 125 mílíọ̀nù baud lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bíìtì méjì nínú àmì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ yòówù tí a bá fọwọ́ sí gbọ́dọ̀ gba gbogbo èyí.

Ó wá ku "iye ìyípadà àmì". Bí àwọn ìwé púpọ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyẹn, mi ò dá ẹni tó mú un wá lẹ́bi. Àmọ́ bí onídùndún bá pe "bàtà", ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló lù. Kò sí ohun tó yí padà láàárín àkọ́kọ́ àti èkejì, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ̀ǹgọ́ bà á. Bí ìyípadà la bá ń kà, òdo la ó kọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lórí wáyà: ẹ fi báìtì (bíìtì mẹ́jọ) tó jẹ́ kìkì òdo ránṣẹ́ ní 9600, bíìtì ìbẹ̀rẹ̀ tó ń kéde rẹ̀ yóò jẹ́ 0, mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e náà 0, wáyà á sì dúró gbagidi sójú kan fún àyè mẹ́sàn-án, 937.5 µs (µs kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá). Baud kò dín kù láàárín ìgbà yẹn. Ìyípadà ni ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ní àyè kọ̀ọ̀kan. Kò pọn dandan kó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà "ìtẹ̀" ni mo dìbò fún. "Ìtẹ̀-àmì" fún àmì kan tó gba àyè kan, "iye ìtẹ̀-àmì" fún baud rate, "iye bíìtì" fún ìkejì rẹ̀. Tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún odù, òun là ń lò fún bọ́tìnì, òun là ń lò fún ìwé títẹ̀. Téèyàn bá sì tẹ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló tẹ̀ ẹ́. Ará Ìlọrin kan lè bi wá pé kí ló kan Ifá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò burú, kó bi áàfáà tó ń tẹ yanrìn: ìlà mẹ́rin, ẹyọ kan tàbí méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àwòrán 16. Tẹ̀ yẹn náà ni. Ibi tí àbá mi ti mẹ́hẹ ni pé ọlọ́pẹ̀lẹ̀ kì í tẹ̀, jíjù ló ń jù, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ó sọ ìtẹ̀ di ìtẹ́; ẹjọ́ ẹ̀yin nìyẹn.

Ẹnìkan á ní a máa ń gbọ́ ìlù méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n òdo méjì tó tẹ̀ léra lórí wáyà kò ní àlàfo láàárín. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀rọ tó ń gbà á kò rí ìtẹ̀, aago ara rẹ̀ ló fi ń kà á. Bí wáyà bá ti já wálẹ̀ fún bíìtì ìbẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àsìkò, ó ń yọjú wo àárín àyè kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn, bíìtì ìparí, bọ́ sí àyè 9.5 lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀. Bí aago méjèèjì bá fi nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra, ìwò tó kẹ́yìn ti ṣubú sí àyè ẹlòmíì, lẹ́tà á sì dàrú. Ìdá 2 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ má kọjá. Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, tí aago rẹ̀ jẹ́ 16 MHz, bí ẹ bá ní kó ṣe 9600, 9615 ló máa ṣe, kò séwu. Bí ẹ bá ní kó ṣe 115200 láìtan ètò ìlọ́po-méjì rẹ̀, 111111 ló máa ṣe, ìdá 3.5 ti dín. Kò ní kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ṣe é re, á kàn máa sọ ọ̀rọ̀ di wúruwùru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì le ju kó kú pátápátá lọ láti wá.

Àwọn tó ń so ínfátà mọ́ bátìrì ní Gwarinpa àti Lugbe kò nílò ìwé láti mọ baud ẹ̀rọ tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, bí wọ́n bá lè mú kó máa fi "U" ńlá ránṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Kóòdù rẹ̀ ni 85, ìyẹn 01010101. Bíìtì tó kéré jù ló ń ṣáájú, ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 0, ìparí jẹ́ 1, ohun tó bọ́ sórí wáyà sì di 0101010101, kò sí méjì tó jọra tó tẹ̀ léra. Ẹ yí mítà sí Hz. Bó bá kọ 4800, 9600 baud ni, nítorí ìtẹ̀ méjì ló ń di ìgbì kan. Ẹni tó gbàgbé ìlọ́po méjì yìí á ṣètò tirẹ̀ sí 4800, á sì máa bú wáyà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì lẹ ní, ẹ wá àyè tó kúrú jù lójú rẹ̀: 104 µs jẹ́ 9600, 26 µs jẹ́ 38400, 8.7 µs jẹ́ 115200. Ẹ gba ọ̀rọ̀ tó pọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dá a lójú, nítorí èyí tó kúrú jù nínú ọ̀rọ̀ kékeré lè jẹ́ ìtẹ̀ méjì tó lẹ̀ mọ́ra.

Iye kẹta kan tún wà tí "ìyára dátà" yóò gbé mì. Ní 9600, lẹ́tà kan ń jẹ ìtẹ̀ mẹ́wàá: ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ fún ẹrù, ọ̀kan fún ìparí. Lẹ́tà 960 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, bíìtì tó jẹ́ ẹrù gan-an sì jẹ́ 7680. Lẹ́tà tí mo ń wí yìí, ti Gẹ̀ẹ́sì ni o. "e" lásán ń gba báìtì kan. "ẹ́" wa, nínú UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, ń gba márùn-ún: mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì ohùn orí rẹ̀. Ìtẹ̀ 50 nìyẹn, 5.2 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá) fún fáwẹ̀lì kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ baud fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Orúkọ ẹni ni, Émile Baudot, ará Faransé tó gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tẹ́lígíráàfù rẹ̀ ní 1874, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù rẹ̀ jẹ́ àyè márùn-ún. Bí a kò ṣe túmọ̀ Volt tàbí Hertz, kò yẹ ká túmọ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá sì ti wà nínú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ká má máa kọ "baud láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan". Àwọn tó dábàá pé ká kọ ọ́ ní "bọ́ọ̀dù", ẹ lọ bá àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Banex, ẹ sọ fún wọn pé bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ yín kéré jù. Wọ́n á tú u, wọ́n á yọ pátákó inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì dá owó òmíràn lé yín. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, baud, Bd ní ìkékúrú.