Ilé kọfí ni, kì í ṣe kafé: lórí bí a ó ṣe túmọ̀ "buna bet" àwọn ará Etiópíà

Ẹ̀yin àgbà nínú èdè àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń tú ìwé pélébé kan nípa àwọn ibi ìmukọfí àdúgbò ní Addis Ababa sí Yorùbá ti béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí a lè pe "buna bet". Àbá mẹ́ta ló ti jáde kí n tó ráyè dá sí i: "kafé", "búkà kọfí" àti "ilé ayẹyẹ kọfí". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn tó mú àbá wọ̀nyí wá, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Lẹ́tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó gbé Ìbàdàn tàbí Èkó ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kafé ni ibi tí à ń lọ lo kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, tí à ń sanwó rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí. Ẹni tó bá kà á pé obìnrin kan ń yan kọfí ní kafé yóò kọ́kọ́ máa wá kọ̀ǹpútà nínú gbólóhùn náà. Búkà, tí a yá lọ́wọ́ Haúsá, ibi oúnjẹ ni. Ọbẹ̀ àti òkèlè ni ẹni tó wọ ibẹ̀ ń retí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ tí àwọn tó ni ín fún un kò le rárá. "Bet" ni ilé nínú èdè Amháríkì, "buna" sì ni kọfí. Ilé oúnjẹ lọ́dọ̀ wọn ni "migib bet", ilé ẹ̀kọ́ sì ni "timhirt bet". Àwa náà kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé oúnjẹ, ilé ẹ̀kọ́, ilé ọtí. Ipò ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀, nítorí pé tiwọn gbé ilé sẹ́yìn, tiwa gbé e síwájú. Ilé kọfí ni kí a pè é, kí a sì má ṣe wá ohun tó sọnù sókè kiri ìsàlẹ̀.

Ẹnìkan tún dábàá pé kí a pa "kọfí" tì, kí a máa kọ "búnà", nítorí pé orúkọ ilẹ̀ Kaffa ni kọfí ti wá, tí Òyìnbó sì ti bà á jẹ́. Lóòótọ́, igbó Kaffa ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Etiópíà wà lára ibi tí igi kọfí arábíkà ti ń hù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ni "qahwa" àwọn Lárúbáwá, tó gba ẹnu àwọn ará Tọ́kì àti Yúróòpù kọjá kó tó kan Gẹ̀ẹ́sì àti àwa. Kọfí ti di ọmọ ilé lọ́dọ̀ wa. Kò sí ìdí láti lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ "ayẹyẹ" ló ká mi lára jù. Ayẹyẹ lọ́dọ̀ Yorùbá ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ní aṣọ, ó ní ìlù, ó sì ní ìdí: ìgbéyàwó, ìwúyè, ìsìnkú àgbà. Nígbà kan tí mo ní wákàtí díẹ̀ ní Addis Ababa láàárín bàálù méjì, mo jókòó sí irú ilé bẹ́ẹ̀, yàrá kan ṣoṣo tó kọjú sí títì, tí àpótí ìjókòó rẹ̀ kò ga dé orúnkún. Wọ́n ti tẹ́ koríko tútù sílẹ̀. Obìnrin tó ni ibẹ̀ fọ kọfí tútù, ó dà á sínú àwo irin lórí iná èédú, ó ń rò ó títí ó fi dúdú tí òróró sì yọ lára rẹ̀, ó wá gbé àwo náà wá síwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan kí a fi ọwọ́ fẹ́ èéfín rẹ̀ sí imú. Ó gún un nínú odó kékeré, ó sè é, ó sun tùràrí, ó gbé gúgúrú kalẹ̀, gúgúrú wa yìí gan-an. Nígbà tó tó àkókò, ó gbé ìkòkò náà sókè, ó sì ń dà á láti orí ife kan bọ́ sí òmíràn láìjẹ́ kí okùn omi náà já. Àwọn aládùúgbò ń wọlé, wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń jókòó. Kò sí ìlù níbẹ̀, kò sì sí aṣọ ẹbí.

Ohun tí wọ́n máa ń wí ni "buna tetu", tí a lè tú sí "ẹ mu kọfí", tó sì tún túmọ̀ sí pé kí ènìyàn wá bá wọn tàkúrọ̀sọ. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "ìjókòó kọfí" dípò "ayẹyẹ kọfí". Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ènìyàn ju ẹyọ kan lọ níbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ohun ojoojúmọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù wà nínú ife mẹ́ta tí wọ́n ń mu. Èyí àkọ́kọ́, tó le jù, ni abol. Wọ́n á tún bu omi sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan náà, wọ́n á sè é, ìyẹn ni tona. Ẹ̀ẹ̀kẹta, tó fúyẹ́ jù, ni bereka. Ẹ̀gbọ́n wa tú bereka sí "ife ìbùkún", kò sì ṣì í. Ṣùgbọ́n "baraka" èdè Lárúbáwá ni bereka, òun kan náà sì ni orísun àlùbáríkà tí à ń pè lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà dé Etiópíà, ó tún gba ilẹ̀ Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Bí a bá wá rí ìbátan wa lókèèrè, ṣé ó yẹ kí a fi orúkọ ẹlòmíràn pè é? "Ife àlùbáríkà" ni kí a kọ.

Ẹnìkan ti ní àlùbáríkà jọ ọ̀rọ̀ mọ́sálásí, pé Kristẹni lè má fẹ́ ẹ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá àgbà mi títí ó fi kú, kò sì ka owó ọjà rí láìsọ pé kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Àwọn Kristẹni Etiópíà pàápàá, tí ìjọ wọn ti wà láti ọ̀rúndún kẹrin, ń mu bereka bí àwọn Mùsùlùmí wọn ti ń mu ún.

Ó ku ìkòkò tí wọ́n ń pè ní jebena. Àwọn kan ní kí a pè é ní orù, ṣùgbọ́n omi ni à ń fi orù pọn, jebena sì ń gorí iná. Mo fẹ́ kí a yá a, kí a kọ ọ́ ní "jẹ̀bẹ̀nà". Nítorí pé ìdí rẹ̀ rí roboto, òṣùká tí wọ́n hun ni wọ́n ń gbé e lé kí ó má baà yí. Òṣùká tiwa sì bá ìyẹn mu láìkù síbì kan.

Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, gbólóhùn tí ẹ̀gbọ́n wa fi bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀ yóò kà báyìí: "Ní ilé kọfí àdúgbò, ìjókòó kì í tú kí ife àlùbáríkà tó kárí."