Ẹ̀tọ́ wo lẹ ń jẹ lónìí tí ẹlòmíì ti jìyà lé lórí?

Adé Kubwa: Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀yin ará Àbújá, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Kánò, àti gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè ọ̀hún. June 12 rèé, kálukú nà gbalaja sílé. Mo ní kí n béèrè: ẹ̀tọ́ wo ló ti gbà yín sílẹ̀ rí níbi tẹ́ ẹ wà yìí, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹnìkan ló jà á gbà? Ohun tójú yín rí ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ má kàwé fún wa.

Bàbá Jàmíù: Ẹ̀tọ́ láti sùn di aago mẹ́wàá àárọ̀ òní. Ẹ ṣé, Abíọ́lá.

Ìyá Ìbejì Nyanya: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Wọ́n kó àbúrò mi ọkùnrin mọ́ àwọn tó ń jà níbi tó ti lọ ra súyà. Mo dé téṣàn, mo mú káàdì iṣẹ́ mi dání, iṣẹ́ ìjọba, ọ̀gá sì ni mí níbẹ̀ o. Sájẹ́ńtì tó wà ní káńtà ò tiẹ̀ wo káàdì. Ó ní kí n lọ mú ọkọ mi wá, pé àwọn kì í gba obìnrin ní onídùúró. Ọkọ wo? Èyí tó wà ní Maiduguri? Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, inú mi ń ru. Ọmọbìnrin kan, lọ́yà, tóun náà wá gba béèlì ẹlòmíì, ló gbọ́. Kò pariwo. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó gbé e síwájú Sájẹ́ńtì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ibí." Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀ràn tí wọ́n ń pè ní ACJA 2015 ni, abala 167: wọn ò gbọdọ̀ tìtorí pé èèyàn jẹ́ obìnrin nìkan kọ̀ ọ́ ní onídùúró. Ọkùnrin yẹn ń kà á, ètè rẹ̀ ń mì, ó dìde wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà tó jáde, bírò ló nà sí mi. Bírò pupa tó ń da yíǹkì, ó kun gbogbo ìka mi. Mo fẹ́ràn àbàwọ́n yẹn ju làálì ìgbéyàwó mi lọ.

Bàbá Jàmíù: Ṣé ọ̀fẹ́ ni béèlì ọ̀hún àbí...?

Ìyá Ìbejì Nyanya: Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣọlá: 😂😂😂 ògiri ò kúkú lẹ́nu

Lọ́yà Gwarinpa: Ẹ kú oríire, Ìyá Ìbejì. Òfin yẹn ò já bọ́ látọ̀run o, àwọn kan lọ, wọ́n bọ̀ lórí ẹ̀ kó tó délẹ̀. Nínú ẹ̀ kan náà, abala 7: wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíì. Kí wọ́n má gbé ìyá nítorí ọmọ, kí wọ́n má gbé aya nítorí ọkọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jọ́ọ̀sì: Abala 7 yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láyé Abacha, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ń pín ìwé kiri. Wọ́n wá a wálé, wọn ò bá a, ni wọ́n bá gbé bàbá wa. Bàbá tó ń ta páànù, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín NADECO, ẹgbẹ́ tó ń bá Abacha jà, àti NEPA. Kò sẹ́ni tó ka abala kankan fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ délé, kò sì sọ ibi tí èkejì wà fún wa títí tó fi kú.

Ìyá Ìbejì Nyanya: Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Ṣọlá: Àmín. Bàtà ẹsẹ̀ kan. Háà.

Oníyèméjì: Ẹ kàn ń fi òfin yangàn. Ẹ lọ ka abala 7 fún ọlọ́pàá lóru ní ọ̀nà Lokoja, kẹ́ ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀.

Lọ́yà Gwarinpa: Mo ti kà á rí. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé ẹnu mi ti pọ̀ jù.

Alhaja Zaria: Ẹ̀yin ọmọdé, 1979 ni obìnrin kọ́kọ́ tẹ̀ka nínú ìdìbò gbogbogbòò ní àríwá yìí. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Sabon Gari Zaria, bẹ́ẹ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdàn ti dìbò ní 1959. Tó bá wá kí wa, á máa fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ ìbò 1979, ìyá mi wọ léèsì bí ẹni ń lọ òde ìyàwó, ó lọ tò ní ìdájí. Ó délé, bàbá wa bi í pé ta ló dìbò fún. Ó ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ń dì í. Bàbá bínú, kò jẹ iyán alẹ́ ọjọ́ náà. Hajiya Gambo Sawaba lẹni tí mo máa ń ṣàdúà fún.

Ṣọlá: Ẹ má bínú, Alhaja, ta nìyẹn?

Alhaja Zaria: Ọmọ Zaria! NEPU ló wà, ẹgbẹ́ òṣèlú Málàm Aminu Kano. Ó rìn lọ sí Abẹ́òkúta lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ó padà wá ń pe àwọn obìnrin jáde nílé. Wọ́n nà án, wọ́n ń tì í mọ́lé ṣáá. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Kofar Gayan.

Oníyèméjì: Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún kẹ̀? Ta ló ń kà á?

Alhaja Zaria: Ẹni tí wọ́n ń tì mọ́lé ló ń kà á.

Adé Kubwa: 🤐

Àlàó Kánò: Kẹ́ ẹ sì rántí pé Kánò dìbò fún Abíọ́lá ní 1993, nílé Tofa tó bá a du ipò gan-an. Àwa Yorùbá Sabon Gari nìkan kọ́ ló dì í. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ará ibí ò fẹ́ wa, kó dákẹ́ díẹ̀.

Oníyèméjì: Abíọ́lá olówó, ọ̀rẹ́ ṣọ́jà! Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ lẹ bá kí. Òun ni wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà 1996, tó bá dúró jẹ́ẹ́ kò séwu.

Àlàó Kánò: Ẹni tó kú sí àhámọ́ ní 1998 náà ò jìyà nìyẹn? Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run.

Alhaja Zaria: Zaria ni wọ́n bí Kùdírátù náà sí o.

Bàbá Jàmíù: Alhaja, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú tó kù 😂. Èmi o, nígbà tí wọ́n fi June 12 rọ́pò May 29 ní 2018, ṣebí kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀ fún wa.

Tóyìn Wuse: Kò kan June 12, àmọ́ ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Dókítà Priye Iyalla-Amadi. Wọ́n ní kó mú lẹ́tà ọkọ wá kó tó gba pásípọ́ọ̀tù, ó gbé Immigration lọ ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, ó sì jàre ní 2009. Ọkọ mi kọ́kọ́ rí tèmi lórí tábìlì ni.

Oníyèméjì: Ṣé kí n má mọ̀gbà tí ìyàwó mi máa fò lọ ni?

Tóyìn Wuse: Ṣé òun mọ̀gbà tẹ́ ẹ wọlé lánàá?