Dókítà ní kí n máa fẹsẹ̀ rìn, aládùúgbò ń bi mí bóyá owó ọ̀kadà ló tán

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Kàbà ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára mi, wọ́n fún mi lóògùn, dókítà sì ní kí n máa rìn dáadáa. Mo ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọlọ́kadà á dúró: "Màmá, ẹ gùn, ẹ má sanwó." Ẹnìkan tilẹ̀ pe ọmọ mi ní Lọ́kọ́ja, ó bi í bóyá ó ti gbàgbé ìyá rẹ̀. Ṣé ìrìn yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó? Orúnkún mi ọ̀tún sì ń dùn mí tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà: Màmá, ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn dúró. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni, ó kéré tán, 30 ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún, ẹ sì lè pín in sí méjì. Ẹ yára débi pé ẹ ṣì lè bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọrin. Tí ẹsẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ó ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn rìn díẹ̀ lẹ́yìn iyán. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kó fi súwíìtì sápò. Ní ti orúnkún, ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ máa gbà, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Bó bá wú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Àgbẹ̀ Ìyàrà: Èmi tí mo ń kọ ebè látàárọ̀, ṣé kí n tún wá máa rìn káàkiri?

Nọ́ọ̀sì Mọ̀pà: Bàbá, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹni tó ń jókòó ni mò ń bá wí.

Ọmọ Ìsánlú: Ọmọ mi ra aago tó ń ka ìṣísẹ̀ fún mi, ó ní 10,000 ni dandan. Irọ́ ni. Ní 1965, ilé iṣẹ́ kan ní Jàpáànù ló fi iye yẹn ta ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀. Ẹ rìn tó bí agbára yín bá ṣe gbé e. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ló tilẹ̀ ń mú mi jáde mọ́. Oorun mi ti dára sí i, inú tó máa ń bí mi láìnídìí náà dínkù. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru á bo òkè wa pátá, màá gbọ́ ìró odó kí n tó rí ilé tí wọ́n ti ń gún un. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ ò lè gbọ́ ìyẹn.

Ẹ̀gbẹ̀ Ni Mí: Ẹ gba tèmi náà kún un: ẹ má dá gba ọ̀nà oko ní ìdájí, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ajínigbé ṣe rí. Inú ìlú ni kí ẹ ti rìn, kí ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ má sì gba títì Ọ̀bàjánà, tírélà pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá di dandan pé kí ẹ rìn létí títì, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù: Ní ti aládùúgbò, ẹ gbé àpamọ́wọ́ àti Bíbélì dání. Wọ́n á rò pé ìpàdé àdúrà lẹ ń lọ, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró 😂

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ti Bíbélì yẹn pa mí lẹ́rìn-ín! Ta ló wà ní Kàbà níbí tí a lè jọ máa rìn, láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀?

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù: Èmi rèé, ìtòsí ọjà ni mo wà. Àmọ́ ọjọ́ ọjà, ẹ má retí mi.