Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi yàrá rẹ́ǹtì fún ọmọ yunifásítì ní Họ́láǹdì, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Họ́láǹdì. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ tèmi kí ẹ̀yin náà lè sọ tiyín, torí láàárín oṣù yìí nìkan èèyàn mẹ́ta ló ti pè mí pé àwọn fẹ́ ra ilé, àwọn fẹ́ máa fi yàrá yàrá inú ẹ̀ rẹ́ǹtì fáwọn ọmọ iléèwé, gbogbo wọn ló sì ń ṣírò owó yẹn bí èmi náà ṣe ṣírò ẹ̀ ní 2021, àyà mi wá ń já.

Rotterdam la wà. Èmi àti ọkọ mi ra ilé kan tó ní yàrá mẹ́rin, 265,000 yúrò. Owó àjọ tá a ti ń dá láti bí ọdún mẹ́fà wà nínú ẹ̀, báǹkì yá wa ní ìyókù. A ò tíì gba kọ́kọ́rọ́ tí ìjọba ti gba 8% lọ́wọ́ wa torí pé kì í ṣe àwa la fẹ́ gbé ibẹ̀, 21,200 yúrò nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó bá ra ilé tóun fúnra ẹ̀ fẹ́ gbé 2% ló ń san. Ní 2023 wọ́n gbé e lọ sí 10.4%, ìgbà tí 2026 wọlé ni wọ́n tó dá a padà sí 8%. Ìyẹn ò tiẹ̀ wá ni wàhálà.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé mo gbà pé ilé mi ni, èmi ni màá dá iye lé e. Bá a ṣe ń ṣe é n'Ìbàdàn nìyẹn jàre, lánlọ́ọ̀dù á wo àdúgbò, á wo ẹni tó fẹ́ gba yàrá, á dárúkọ owó. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa san 700 lóṣù, iná, gáàsì, omi, íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ẹ̀ wà nínú ẹ̀ pọ̀, all-in ni wọ́n ń pè é níbí. Ọmọ mẹ́rin, 2,800 lóṣù. Inú wa dùn gan-an, ọkọ mi ti ń wo ilé kejì.

Ìgbà tó yá ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin Ítálì kan báyìí, ó kọ lẹ́tà sí mi pé kí n jọ̀ọ́ kí n ya owó yàrá sọ́tọ̀, kí n ya owó iná àti omi sọ́tọ̀. Mo rò pé ó ń rí mi fín ni. Mi ò dá a lóhùn. Àṣìṣe mi nìyẹn, torí ohun tí òfin ní kó kọ́kọ́ ṣe ló ṣe yẹn, lánlọ́ọ̀dù tí ò bá sì dá ayálégbé lóhùn, ọ̀dọ̀ Huurcommissie, ìyẹn àjọ tó ń parí ìjà rẹ́ǹtì láàárín lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé, lọ̀rọ̀ máa gbà lọ. 25 yúrò péré ni ayálégbé fi ń gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n dájọ́. 55% nínú 700 ni owó yàrá, ìyẹn 385. 25% ni owó tó máa kọ́kọ́ san sílẹ̀ fún iná àtàwọn nǹkan tó kù, ìyẹn 175. 20% tó kù kàn wọgbẹ́ ni. 560 ló ń san látìgbà yẹn, àwọn mẹ́ta yòókù sì kọ lẹ́tà tiwọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bá mi ṣe é, 140 lọ́nà mẹ́rin, 560 yúrò ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa lóṣooṣù, 6,720 lọ́dún, báǹkì ò sì dín kọ́bọ̀ kù nínú tiẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé yàrá téèyàn àti ẹlòmíì ń lo kíṣìnì tàbí ilé ìwẹ̀ pọ̀, iye ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó o tó ra ilé. Póìǹtì ni wọ́n ń kà: bí yàrá ṣe tóbi tó, kíṣìnì, ilé ìwẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, iye póìǹtì ló sì ń sọ owó tó pọ̀ jù téèyàn lè gbà. Ilé odidi tó ní kíṣìnì tiẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ tiẹ̀, tó bá ti pé póìǹtì 187, o lè dá iye tó wù ẹ́ lé e, bí òfin rẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Wet betaalbare huur tó bẹ̀rẹ̀ ní July 1, 2024 ṣe fi sí nìyẹn. Yàrá kò nírú ẹ̀ o. Ì báà ní póìǹtì bí iyanrìn, òfin ò ní dá a sílẹ̀. Kódà kí òfin 2024 yẹn tó dé, bó ṣe wà nìyẹn, ẹ́jẹ́ǹtì tó ta ilé fún wa sì mọ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ bọ́ síta.

Àǹtí, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má bínú sí mi o, apá kejì lèmi wà, ọmọ tó ń gba yàrá ni mí, Delft ni mo ti ń ka ìwé. Mo kàn rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí lójú tiwa.

Abẹ́ òrùlé ni yàrá mi wà, lánlọ́ọ̀dù kọ ọ́ pé mítà méjìdínlógún níbùú lóròó (m²) ni, 620 yúrò láìka iná. Ẹ ò lè dìde dúró nílé yẹn àyàfi láàárín gbùngbùn ẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń rọra fà sẹ́yìn lórí bẹ́ẹ̀dì kí n má bàa forí sọ pákó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Dutch wá kí mi, ó wòkè, ó ní ṣé ó dá ẹ lójú pé méjìdínlógún ni ibí? Ó lọ mú téèpù wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé ibi tí òrùlé bá ti sún mọ́lẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ, wọn kì í kà á rárá. Àwa méjèèjì wá kúnlẹ̀, ó gbé téèpù ró gangan, ó ń sún un lọ díẹ̀díẹ̀ síbi ògiri títí ó fi kan pákó ní 1.50, èmi fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí ilẹ̀, bá a ṣe ṣe é yí yàrá ká nìyẹn. Nígbà tá a dìde, bẹ́ẹ̀dì mi, báàgì mi, àpótí ìwé mi, gbogbo ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìlà. Mítà mọ́kànlá ló kù láàárín.

A wá ka ìyókù. Póìǹtì kíṣìnì, àwa márùn-ún là ń lò ó torí náà márùn-ún ni wọ́n máa pín in sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé ìwẹ̀. Energy label ilé yẹn, ìyẹn àmì tó ń sọ bí ilé ṣe ń jẹ iná àti gáàsì tó, G tó burú jù ni, ìyẹn tiẹ̀ ń yọ póìǹtì dànù ni. Mo kọ̀wé sí lánlọ́ọ̀dù, ó ní tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn kí n kó jáde. Huurcommissie rán èèyàn wá wọ̀n ọ́n, tiẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tan iná pupa ló gbé dání, ohun tó bá jáde kò sì jìnnà sí ti ṣọ́ọ̀kì wa. 391 yúrò ni mò ń san báyìí. Àǹtí, mi ò yọ̀ yín o. 229 yúrò lóṣù ni oúnjẹ mi. Ọdún tí mo fi san 620 yẹn, ẹ̀wà ni mò ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń ṣe ìdánwò.

Ẹ káalẹ́ o gbogbo ilé. Groningen ni tèmi, mi ò tiẹ̀ débi póìǹtì rárá, ìwé àṣẹ ló mú mi. Mo ra ilé ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí yunifásítì, gbogbo ilẹ̀kùn tó wà níbẹ̀ ló ní kẹ̀kẹ́ mẹ́fà méje níwájú, mo ní àdúgbò ọmọ iléèwé nìyí, ọjà á yá. Kẹ̀kẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ àmì fún mi. Gemeente ibí, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní téèyàn bá fẹ́ fún ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní yàrá, ó gbọ́dọ̀ gbàwé, wọn ò sì ń fúnni níwèé tí ilé oníyàrá lójú òpópónà yẹn bá ti kọjá 15%. Tèmi ti kọjá kó tó di pé mo débẹ̀. Wọ́n dá ìwé mi padà. Ìdílé kan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ kan, èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé kò ju ìdajì ohun tí mo kọ sínú ìwé báǹkì lọ.

Ẹ má sì gbàgbé owó-orí box 3 o, ìyẹn èyí tí wọ́n ń gbà lórí owó ìfipamọ́ àti dúkìá. Àwọn Belastingdienst, ìyẹn agbowó-orí ìjọba, kì í béèrè iye tó wọlé fún ẹ, wọ́n á fojú inú wo èrè. Ní 2025 wọ́n ní ilé tó o fi rẹ́ǹtì ti mú 5.88% wá, wọ́n á yọ ti gbèsè, wọ́n á wá gba 36% nínú èyí tó kù. Ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a lẹ́jọ́ ní June 2024 pé tí èrè tó o rí gan-an bá kéré ju ti ojú inú wọn lọ, o lè mú ẹ̀rí wá. Mo yọ̀ títí. Àfi ìgbà tí mo kà á dáadáa, iye tí ilé fi gbówó lórí lọ́dún yẹn, bí o ò tiẹ̀ tà á, wọ́n ń kà á mọ́ èrè, owó tó o fi tún òrùlé ṣe wọn ò sì ní yọ ọ́ fún ẹ. Ó dùn mí.

Leiden ni mo ti ń kọ̀wé, èmi ti ta tèmi. Kò sẹ́ni tó lé mi, ó kàn sú mi ni. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan péré torí mo rí i pé kò sẹ́ni tó ní in lẹ́nu: ẹ wo irú kọ́ńtíráàtì tẹ́ ẹ ń fún àwọn ọmọ yẹn. Láti July 2024 kọ́ńtíráàtì tí ò lópin ni òfin fẹ́, èyí tá a máa ń fún wọn fún ọdún kan tẹ́lẹ̀ ti di èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àyàfi ọmọ iléèwé tó wá láti ìlú míì tàbí ilẹ̀ òkèèrè, àtàwọn díẹ̀ míì. Èmi ò mọ campus contract nígbà yẹn. Ìyẹn ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ iléèwé ni yàrá yìí wà fún, lọ́dọọdún o lè ní kó mú ẹ̀rí wá pé òun ṣì forúkọ sílẹ̀ níléèwé, ó ní oṣù mẹ́ta láti mú un wá, tó bá ti jáde iléèwé o lè gba yàrá fún ọmọ míì. Tèmi kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti gboyè, ó ti ń ṣiṣẹ́, owó ẹ̀ ju tèmi lọ, ó ṣì wà nínú yàrá yẹn lórí 370 yúrò. Nígbà tí mo wá fẹ́ tà á, àwọn Dutch ní ọ̀rọ̀ kan, koop breekt geen huur, títà kì í fọ́ rẹ́ǹtì. Ẹni tó rà á, ilé àtàwọn ọmọ inú ẹ̀ ló rà pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá owó ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, gbogbo ẹ̀ ni mo kà, orí mi ń yí. Ilé kan wà ní Schiedam tí mo ti bá wọn dúnàádúrà, yàrá márùn-ún, méjì wà lábẹ́ òrùlé. Ẹ́jẹ́ǹtì ní 3,250 ló máa ń wọlé lóṣù. Ọjọ́rú ni mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Ṣé kí n sá ni?

Àbúrò mi, má sá, ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí ọmọ Delft yìí ṣe sọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo ti ka ibi ẹ̀wà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ Ítálì yẹn sì wá sí mi lọ́kàn, mi ò bi í rí ohun tó ń jẹ. Pe gemeente lọ́la. Bi wọ́n bóyá wọ́n ń fúnni níwèé àṣẹ fún ẹni márùn-ún lójú òpópónà yẹn, kó o sì bi wọ́n bóyá opkoopbescherming wà níbẹ̀, torí láti 2022 gemeente lè ní ẹni tó ra irú ilé bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fi rẹ́ǹtì fún ọdún mẹ́rin. Bi ẹ́jẹ́ǹtì pé kó fún ẹ ní ìwé póìǹtì yàrá kọ̀ọ̀kan, láti January 2025 ó ti di dandan kó wà lára kọ́ńtíráàtì tuntun, tó bá ní kò sí, a jẹ́ pé 3,250 tó pè yẹn, ẹnu ẹ̀ ló ti wá. Dìpọ́síìtì kò gbọ́dọ̀ ju owó yàrá oṣù méjì lọ, torí náà má ṣírò ẹ̀ mọ́ owó tó o fẹ́ fi tún ilé kùn.

Sátidé mi ṣófo. Fi àdírẹ́sì ilé yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, màá mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì dání, àwọn méjì tó wà lábẹ́ òrùlé yẹn la máa kọ́kọ́ wọ̀n.